Kíkó Windows Sórí Dísìkì Tuntun: Èsì sí Ìmọ̀ràn Tí Ẹ Fún Olùkàwé Yín

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo òṣìṣẹ́ ìwé ìròyìn yín kú iṣẹ́. Mo ka ìdáhùn tí ẹ fún olùkàwé yín kan tí ó ní kọ̀ǹpútà alágbèéká òun máa ń pẹ́ kí ó tó ṣí, àti pé ó máa ń dákú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí òun bá ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ lọ́wọ́. Ìmọ̀ràn tí ẹ gbà á ni pé kí ó gbé e lọ sọ́dọ̀ atúnkọ̀ǹpútàṣe kí wọ́n bá a fọ́máàtì rẹ̀, ìyẹn kí wọ́n sọ dísìkì rẹ̀ di òfìfo, kí wọ́n sì fi Windows tuntun sí i, bí èyí kò bá sì ṣiṣẹ́, kí ó wá owó ra òmíràn. Iṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe jẹun ní ìlú Ìbàdàn, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ má ṣe bínú bí mo bá sọ pé apá méjèèjì ìmọ̀ràn náà ni ó yẹ kí ó gbẹ̀yìn. Ohun tí ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún un ni pé kí ó ra dísìkì tuntun, irú èyí tí à ń pè ní SSD, kí wọ́n sì kó gbogbo ohun tí ó wà lórí háàdì dísìkì rẹ̀ àtijọ́, títí kan Windows fúnra rẹ̀, ìyẹn ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́, lọ sórí rẹ̀ láìpa ohunkóhun rẹ́.

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ wà nínú bí háàdì dísìkì ṣe ń ṣiṣẹ́. Àwo pẹlẹbẹ ni ó wà nínú rẹ̀, apá tín-ín-rín kan sì wà lókè àwo náà tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀ láti ka ohun tí a kọ sórí rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí abẹ́rẹ́ gírámófóònù ayé àtijọ́ ṣe ń ka àwo orin, àfi pé apá ti dísìkì kì í fara kan àwo. Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Ọdún 1956 ni ilé-iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà gbé àkọ́kọ́ irú rẹ̀ jáde. Àwo 50 ni ó wà nínú ẹ̀rọ ńlá náà, síbẹ̀ gbogbo ohun tí ó lè gbà kò ju nǹkan bí lẹ́tà mílíọ̀nù 5 lọ, èyí tí fọ́tò méjì tàbí mẹ́ta láti inú fóònù òde òní yóò fi kún. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká, ìgbà 5,400 ni àwo náà ń yí láàárín ìṣẹ́jú kan. Ó dún bí ohun tí ó pọ̀, ṣùgbọ́n bí a bá ṣírò rẹ̀, ìgbà 90 péré ni láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tí Windows bá ń ṣí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì kéékèèké tí ó fọ́n káàkiri ojú àwo ni ó gbọ́dọ̀ kà, fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, apá náà gbọ́dọ̀ rìn dé ibi tí ó wà, kí ó sì dúró de àwo títí yóò fi yí kan án. Dísìkì tí ó lè ka nǹkan bí 100 MB láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan nígbà tí fáìlì ńlá kan bá wà lójú kan náà lè má ka ju 1 MB lọ nígbà tí ó bá ń sá kiri báyìí. SSD ní tirẹ̀ kò ní àwo, kò ní apá, kò sì sí ohun tí ń yí nínú rẹ̀. Irú mẹ́mórì tí Fujio Masuoka ṣe àwárí rẹ̀ nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Toshiba ní orílẹ̀-èdè Japan ní àwọn ọdún 1980 ni ó wà nínú rẹ̀, ibi yòówù tí fáìlì bá wà, ojú ẹsẹ̀ ni yóò mú un jáde. Ìdí nìyí tí kọ̀ǹpútà tí a ti ń dúró dè fún ìṣẹ́jú mélòó kan láràárọ̀ fi lè ṣí kíá lẹ́yìn tí a bá pààrọ̀ dísìkì rẹ̀ nìkan, láìfọwọ́ kan nǹkan mìíràn nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ fọ́máàtì fi ń dùn mí. Ilé-ìtẹ̀wé kékeré kan wà ní Mọ́kọ́lá níbí, tí wọ́n ń ṣe káàdì ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú àti kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́. Kọ̀ǹpútà wọn ń lọ́ra, wọ́n gbé e lọ síbì kan tí n kò ní dárúkọ, ẹni tí ó gbà á lọ́wọ́ wọn sì fọ́máàtì rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ó kọ́kọ́ kó àwọn fáìlì wọn pamọ́ o, n kò ní purọ́ mọ́ ọn: gbogbo ohun tí ó wà nínú fódà Documents àti lójú Desktop ni ó dá padà fún wọn. Ohun tí kò dá padà ni gbogbo ohun tí ó sọ kọ̀ǹpútà náà di irinṣẹ́ ìtẹ̀wé, ìyẹn àwọn fọ́ńtì tí wọ́n ti ń kó jọ láti ọdún pípẹ́, pátákó ìtẹ̀wé Yorùbá tí wọ́n fi ń tẹ àmì ohùn, ètò tí ó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá wọn, tí CD rẹ̀ ti sọnù, àti sọ́fítíwíà ìṣirò owó tí ẹni tí ó tà á fún wọn ti kúrò nílùú. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ mi, àpótí òfìfo kéékèèké ni a ń rí lórí káàdì ìgbéyàwó níbi tí ó yẹ kí ẹ àti ṣ wà. Kò sí ohun tí mo lè rí gbà padà, nítorí pé Windows tuntun ti jókòó sórí ibi tí àwọn nǹkan náà wà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ ìwé ìròyìn Yorùbá jáde mọ̀ jù mí lọ bí ó ti ń rí kí irú èyí ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ tí ìwé ìròyìn gbọ́dọ̀ jáde.

Bí wọ́n bá ti kó gbogbo ohun tí ó wà lórí dísìkì ilé-ìtẹ̀wé náà gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wà lọ sórí dísìkì tuntun, gbogbo rẹ̀ ni ìbá bá a lọ: fọ́ńtì, pátákó ìtẹ̀wé, sọ́fítíwíà, ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé, títí dé àwòrán tí wọ́n fi sí ojú kọ̀ǹpútà. Lóòótọ́, fáírọ́ọ̀sì pẹ̀lú yóò bá a lọ bí ó bá wà níbẹ̀, Windows tí ó ti dàrú kò sì ní tò nítorí pé a gbé e kúrò lójú kan lọ sí òmíràn. Nínú irú ipò bẹ́ẹ̀, mo gbà pé kí a bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni irú rẹ̀ nínú àwọn kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń gbé wá sọ́dọ̀ wa tí wọ́n ní ó ń lọ́ra. Nínú èyí tí ó pọ̀ jù, dísìkì ni ó ti rẹ̀.

Ẹ̀gbin kan tún wà nínú fọ́máàtì tí àwọn oníbàárà kì í rí. Láti ìgbà Windows 8 ni àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe kọ̀ǹpútà ti ń fi nọ́ńbà àṣẹ Windows sínú motherboard fúnra rẹ̀, ìyẹn pátákó tí gbogbo ẹ̀yà inú kọ̀ǹpútà so mọ́, bẹ́ẹ̀ ni àṣẹ Windows 10 àti 11 tí a ti gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe so mọ́ kọ̀ǹpútà, tí kò so mọ́ dísìkì. Èyí ni pé ẹni tí ó ra kọ̀ǹpútà alágbèéká EliteBook tàbí ThinkPad tokunbo láti ọ́fíìsì kan ní Ìlú Ọba ti ra Windows tòótọ́ mọ́ ọn, bí a bá sì pààrọ̀ dísìkì rẹ̀, àṣẹ náà ṣì wà níbẹ̀. Síbẹ̀, Windows ayédèrú ni ọ̀pọ̀ nínú àwa oníṣẹ́ yìí ń fi sórí rẹ̀ láti inú flash tí a ti ń lò káàkiri, a ó sì pa ohun tí ń lé fáírọ́ọ̀sì kí ètò tí ń jí àṣẹ gbà lè ráyè ṣiṣẹ́. Oníbàárà yóò sanwó pé a sọ ohun tòótọ́ rẹ̀ di ayédèrú.

Iṣẹ́ kíkó náà kì í ṣe iṣẹ́ awo, ṣùgbọ́n ó ní bí a ti ń ṣe é. Èyí tí mo máa ń rí jù lọ́wọ́ àwọn tí ó gbìyànjú rẹ̀ nílé ni pé wọ́n á so dísìkì tuntun mọ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n á ṣí C, ìyẹn ìpín dísìkì tí Windows àti fáìlì wa wà, wọ́n á da gbogbo fáìlì inú rẹ̀ kọ sórí tuntun, wọ́n á sì máa retí pé kí ó ṣí. Dísìkì bẹ́ẹ̀ kò lè gbé Windows dìde láéláé, nítorí pé C nìkan kọ́ ni ó wà lórí dísìkì. Lórí kọ̀ǹpútà tí ó ń lo UEFI, ìyẹn ètò tí ó ń jí kọ̀ǹpútà òde òní kí Windows tó dé, ìpín kékeré kan wà tí ó sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí 100 MB, tí Windows kì í fi hàn wá, inú rẹ̀ sì ni ohun tí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ ń wá nígbà tí a bá tàn án wà. Òmíràn wà tí ó jẹ́ 16 MB péré. Ọ̀kan sì tún wà tí Windows fi ń tún ara rẹ̀ ṣe nígbà ìṣòro. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀pọ̀ fáìlì ni kò ṣeé dà kọ nígbà tí Windows bá ń lò wọ́n lọ́wọ́. Nítorí náà ni a ṣe nílò ètò tí ó ń da odindi dísìkì kọ, ìpín dé ìpín. Clonezilla, tí wọ́n ṣe ní Taiwan, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ọ̀fẹ́ ni, inú flash ni a sì ti ń ṣí i, tí ó fi jẹ́ pé Windows kò ní sí lẹ́nu iṣẹ́ rárá ní gbogbo àsìkò tí a fi ń kó o. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe SSD, bíi Samsung àti Western Digital, a sì máa fún àwọn tí ó ra ọjà wọn ní ètò tí wọn yóò fi ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìwọ̀n dísìkì tuntun máa ń fa àríyànjiyàn láàárín èmi àti àwọn oníbàárà. Dísìkì 500 GB ni ó wà nínú kọ̀ǹpútà wọn, SSD 480 GB ni wọ́n rà wá, wọ́n á ní kò sí wàhálà, ó ṣe tán, ohun tí ó wà lórí ti àtijọ́ kò tó ìdá mẹ́rin rẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n bí a kò bá yí ohunkóhun padà nínú bí Clonezilla ṣe ń ṣiṣẹ́, yóò kọ̀ jálẹ̀, nítorí pé ó ń fẹ́ kí dísìkì tí ń gbà tóbi tó èyí tí ń fúnni. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yóò kọ́kọ́ wọ Disk Management, irinṣẹ́ kan inú Windows, láti dín C kù, kí ó tó sọ fún Clonezilla pé kí ó má wo ìwọ̀n. Ẹni tí kò fẹ́ wàhálà lè ra èyí tí ó tóbi ju ti àtijọ́ lọ.

Ibi tí ewu wà jù ni ìgbà tí ètò náà bá bi wá pé èwo ni ti àtijọ́, èwo sì ni tuntun. Bí a bá dáhùn sódì, dísìkì òfìfo ni yóò dà kọ sórí dísìkì tí iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún wà, kò sì sí ẹ̀bẹ̀ lẹ́yìn náà. Kí ènìyàn má wo ìwọ̀n nìkan, kí ó wo orúkọ ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é àti nọ́ńbà tí a tẹ̀ sí ara rẹ̀, ohunkóhun tí kò bá sì ṣeé pàdánù, kí ẹ̀dà rẹ̀ ti wà ní ibòmíràn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó bá parí, kí a pa kọ̀ǹpútà, kí a yọ ti àtijọ́ kúrò pátápátá kí a tó tún un tàn, nítorí pé àmì ìdánimọ̀ kan náà ni dísìkì méjèèjì ń jẹ́ báyìí, bí Windows bá sì rí wọn pọ̀, yóò pa ọ̀kan tì.

Ọ̀rọ̀ BitLocker, ìyẹn títì tí Windows ń ti dísìkì kí ẹlòmíràn má bàa lè kà á, ti kó ọ̀pọ̀ ènìyàn sí ìyọnu. Àwọn kan kò tilẹ̀ mọ̀ pé kọ̀ǹpútà wọn wà ní títì, nítorí pé ọjọ́ tí wọ́n fi ímeèlì wọn wọ inú Windows 11 ni ó ti ti ara rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà 48, inú àkáǹtì Microsoft tí a fi ṣí kọ̀ǹpútà náà ni a sì ti máa ń rí i. Bí ẹni tí ó tà á fún wa bá fi ímeèlì tirẹ̀ ṣí i, àkáǹtì ẹni náà ni kọ́kọ́rọ́ wà. Kí a wá nọ́ńbà yìí, kí a kọ ọ́ sínú ìwé, kí a sì tú títì náà kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ohunkóhun.

Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀ yìí wà fún dísìkì tí ara rẹ̀ ṣì le díẹ̀. Olùkàwé yín sọ pé kọ̀ǹpútà òun máa ń dákú, èyí sì lè jẹ́ àmì pé dísìkì náà ti ń kú lọ. Ètò ọ̀fẹ́ kan wà tí ó ń jẹ́ CrystalDiskInfo, tí ó ń ka àkọsílẹ̀ tí dísìkì ń ṣe nípa ìlera ara rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ fi í wò ó. Bí ó bá sì ń gbọ́ ìró kọ́-kọ́-kọ́ láti inú kọ̀ǹpútà, kí ó má ṣe máa tàn án kí ó máa pa á. Nínú irú ipò yìí, ohun tí ó burú jù lọ ni èyí tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ń kọ́kọ́ ṣe, pé kí wọ́n ní kí chkdsk, ètò inú Windows tí ń yẹ dísìkì wò, tún un ṣe. Chkdsk yóò máa kọ nǹkan sórí dísìkì tí ó ń kú, yóò sì lo ìwọ̀nba ẹ̀mí tí ó kù nínú rẹ̀ tán. GNU ddrescue ni irinṣẹ́ tí mo fọkàn tán fún irú iṣẹ́ yìí. Yóò kọ́kọ́ kó ibi tí ó dára, yóò fo ibi tí ó bàjẹ́, lẹ́yìn náà ni yóò wá padà sí ibi tí ó bàjẹ́ náà láti ṣa ohun tí ó bá ṣeé ṣà níbẹ̀. Ó sì ń kọ ibi tí ó ti dé sínú fáìlì kan, tí ó fi jẹ́ pé bí iná bá lọ, ibẹ̀ ni yóò ti tẹ̀ síwájú nígbà tí iná bá dé. Fún àwa tí iná ń lọ mọ́ lọ́wọ́ láìdágbére, ohun kékeré kọ́ ni èyí. Bí dísìkì bá sì ti bàjẹ́ débi pé Windows inú rẹ̀ kò pé mọ́, kí a gba fáìlì là, kí a sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun lórí èyí tí ó dára.

Ìbẹ̀rù iná náà kò yẹ kí ó dí ẹni tí dísìkì rẹ̀ ṣì le lọ́wọ́. Ti àtijọ́ ni à ń kà, a kì í kọ nǹkan sórí rẹ̀. Bí iná bá já lẹ́nu iṣẹ́, ti tuntun nìkan ni kò ní pé, a ó sì tún un bẹ̀rẹ̀.

Kí ènìyàn tú ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà rẹ̀ wò kí ó tó lọ sọ́jà, tàbí kí ó ní kí oníṣẹ́ bá a wò ó. Àwọn kan ń lo irú SSD tí ó fẹ̀ tó háàdì dísìkì íǹṣì 2.5, àwọn kan ń lo irú pẹlẹbẹ gígùn tí wọ́n ń pè ní M.2, oríṣi méjì sì ni M.2 yìí, SATA àti NVMe, tí wọ́n jọra lójú ẹni tí kò mọ̀ wọ́n, tí kọ̀ǹpútà mìíràn kò sì ní gba ju ọ̀kan lọ nínú wọn. Ayédèrú pọ̀ lọ́jà. SSD tí a kọ 16 TB sí lára, tí wọ́n ń tà ní owó táṣẹ́rẹ́, káàdì mẹ́mórì kékeré tí a ti kọ́ láti purọ́ nípa ìwọ̀n rẹ̀ ni ó sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Yóò gba fáìlì títí dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ, lẹ́yìn náà ni yóò máa jẹ wọ́n mọ́lẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Ètò ayẹ̀wò kan tí ń jẹ́ H2testw, tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́, yóò tú àṣírí rẹ̀ kí a tó kó nǹkan sórí rẹ̀.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé SSD ń sọ kọ̀ǹpútà àtijọ́ di tuntun ní gbogbo ọ̀nà. Microsoft ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn dúró fún Windows 10 láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, àfi fún àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ọdún kan. Windows 11 sì ń béèrè fún TPM 2.0, ìyẹn ẹ̀yà ààbò kan inú kọ̀ǹpútà, àti irú ọpọlọ kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ àwọn tokunbo tí ó wà níta kò ní. Pípààrọ̀ dísìkì kò yí èyí padà. Ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò bá lè gba Windows 11 lè ronú nípa Linux, ètò ọ̀fẹ́ tí a lè lò dípò Windows, tí yóò sáré dáadáa lórí SSD kan náà, owó tí ó ná kò sì ní ṣòfò.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ dísìkì àtijọ́, tí ìdáhùn yín kò mẹ́nu kàn rárá. Kí ẹni tí ó ni ín fi í pamọ́ láìfọwọ́ kàn án fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, títí yóò fi dá a lójú pé kò sí ohun tí ó ṣẹ́kù sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, bí ó bá fẹ́ tà á tàbí fi tọrẹ, kí ó mọ̀ pé fọ́máàtì kíákíá kì í pa ohun tí ó wà lórí rẹ̀ rẹ́. Àkójọ orúkọ fáìlì ni ó ń pa rẹ́. Ní ọdún 2009, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìròyìn láti yunifásítì British Columbia ní Kánádà ra háàdì dísìkì àlòkù ní Tema ní orílẹ̀-èdè Gánà, wọ́n sì bá ìwé àdéhùn iṣẹ́ láàárín ilé-iṣẹ́ Northrop Grumman, tí ń ṣe ohun ìjà, àti ìjọba Amẹ́ríkà lórí ọ̀kan nínú wọn. Bí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá lè jẹ́ kí ìwé rẹ̀ dé ọjà Tema, kí ni a ó sọ nípa ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni tí èsì ìdánwò àti àdírẹ́sì òbí wà lórí dísìkì rẹ̀, tàbí ilé-ìwòsàn kékeré tí orúkọ àwọn aláìsàn wà lórí tirẹ̀? Òfin ìdáàbòbò dátà tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 ti sọ ọ́ di dandan fún irú wọn láti dáàbò bo ohun tí ó wà níkàáwọ́ wọn. Fún háàdì dísìkì, àṣẹ clean all nínú diskpart, irinṣẹ́ kan tí ó wà nínú Windows, yóò kọ òdo sórí gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin; ó ń gba wákàtí púpọ̀, ṣùgbọ́n kò ná ni ní kọ́bọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ dá olùkàwé yín lóhùn lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi kún un pé òun ni ó ni dísìkì àtijọ́ náà, kí ó sì gbà á padà lọ́wọ́ ẹni tí ó bá bá a ṣe iṣẹ́ náà, kí ó má sì san gbogbo owó tán títí yóò fi rí i pé kọ̀ǹpútà náà ṣí láti orí dísìkì tuntun nígbà tí ti àtijọ́ wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Atúnkọ̀ǹpútàṣe kan,
Ìbàdàn.